Ẹ̀bẹ̀ Tí A Bẹ̀ Kí A Tó Béèrè

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Káyọ̀dé ọmọ mi, Àkànní ọkọ mi,

Ìyàwó tuntun ló ń kọ̀wé sí ọ o! Má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ Sátidé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo wo òrùka ọwọ́ mi, mo ní, "Àjọkẹ́, ìwọ tí orí rẹ ti ń hewú yìí náà?" Làsísì, ọkọ mi, ti gbé takisí rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Mo ti kọ ọ́, mo tún fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: ọkọ mi. Kó tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó, kí lo fẹ́ kí n rà bọ̀?" Ọmọ mi, ta ló ti bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fi ayé sílẹ̀? Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní kó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà nílé!

Ṣé o dé Àkúrẹ́ láyọ̀? Ṣé yàrá tí ọ̀gá rẹ fún ọ kò jò? Mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ lo wà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tuntun kì í dúró de ẹnìkan, ìdí nìyẹn tí o fi jẹun tán níbi ìgbéyàwó mi, tí o dìde, tí o gbé báàgì rẹ. Mo sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà, o sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó gún mi nínú lọ́jọ́ ayọ̀ mi. O ní, "Màámi, ẹ má máa retí mi lemọ́lemọ́ o. Lóòótọ́ ni kóòtù dá mi sílẹ̀, àmọ́ ní Ìlódè níbí, olè tí wọ́n ṣàánú ni wọ́n ń pè mí."

Mi ò lè fèsì lọ́jọ́ náà. Èsì rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn ṣáájú, kí n fi ìròyìn náà kẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ayọ̀ ṣe ń tì mí yìí, mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe sùúrù débẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n sin ọ́ láàyè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà wa, ọmọbìnrin kékeré yẹn, tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta n'Ìbàdàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà tí ẹ jọ wà nínú yàrá kan náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà, tó ń fún ọ láyè lórí ẹní rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó gbé e débẹ̀, mi ò sì bi í. Ó gba ọmọ mi láyè. Mo ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́.

Ó yá, ìmọ̀ràn.

Èkíní. Má ṣe bẹ̀bẹ̀ kí o tó mọ ohun tí o ṣe.

O ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ìyá rẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwo aláwọ̀ ewé kan tí síníọ̀ mi gbé ti ilé wá fọ́. Wọ́n kó gbogbo wa jọ, wọ́n ní kí ẹni tó fọ́ ọ jáde. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, síníọ̀, ẹ foríjì mí." Mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan àwo náà rí. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì rò pé bí mo bá tètè bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á tètè tán. Èmi ni mo fọ àwo gbogbo yàrá wa títí sáà yẹn fi parí. Nígbà tó yá, a wá mọ̀ pé ológbò ilé ìdáná ló gbá a ṣubú. Mo lọ bá síníọ̀ mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí ló wá dé tí o bẹ̀bẹ̀?" Ó ní kí n máa fọ àwo mi lọ.

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n nígbà náà. Mi ò kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bí ọ̀ràn bá dé, ká tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi, orí ìkúnlẹ̀ la máa ń wà. Ó dára láàárín ẹbí, torí ẹ̀bẹ̀ máa ń pa iná ìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù, ọ̀tọ̀ ni ti wọn.

O mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ láti inú àhámọ́. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí níta fún ọ, torí a kò jókòó sọ ọ́ tán rí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ja Ìyá Alálùbọ́sà lólè ní Sábó, tí wọ́n gbá a létí, tí wọ́n já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ohun tó sọ fún ọlọ́pàá ni pé ẹni tó wọ ẹ̀wù búlúù ni, pé òun kò rí ojú rẹ̀. Ìwọ náà ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ káfíńtà rẹ, o wọ ẹ̀wù búlúù, o ń sáré nítorí òjò. Ohun tí ọlọ́pàá rí lára rẹ tí wọ́n fi mú ọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò bá àpò lọ́wọ́ rẹ, wọn kò bá nǹkan kan.

Ká ní a jókòó jẹ́ẹ́ ni! Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àlàó ẹ̀gbọ́n mi ti dé pẹ̀lú fìlà lórí, ó ní, "Àjọkẹ́, dìde, ká lọ bẹ obìnrin yìí kí wọ́n tó lu ọmọ náà pa sí àhámọ́." A débẹ̀, ojú Ìyá Alálùbọ́sà wú, ó fi aṣọ tútù lé e. Bàbá Àlàó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrora o, Ìyá. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀."

Obìnrin náà wò wá. Ó ní, "Ṣé ọmọ tí wọ́n mú yẹn ló wá lù mí?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí a ti sọ pé, "A ò mọ̀, Ìyá, ẹ̀yin la wá bi." Ṣùgbọ́n o mọ ẹnu Bàbá Àlàó, òwe kì í wọ́n níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ẹ ṣá foríjì í. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀." Èmi náà ń gbè é lẹ́sẹ̀, "Ẹ ṣàánú mi, ọmọ kan ṣoṣo ni." Ọmọ mi, ọwọ́ ara wa la fi gbé ọ lé wọn lọ́wọ́.

Ní kóòtù, nígbà tí wọ́n bi Ìyá Alálùbọ́sà bó ṣe mọ̀ pé ìwọ ni, kò sọ̀rọ̀ ojú, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ó nàka sí mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe òun, kí ni ìyá rẹ̀ wá ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi?" Ó tún òwe Bàbá Àlàó sọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dá ẹjọ́, ó ní ìyá kì í déédéé kúnlẹ̀. O wò mí nígbà tí wọ́n ń mú ọ lọ. O kò bínú. Ká ní o bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Nítorí náà, bí ọ̀gá rẹ tuntun bá pariwo lé ọ lórí, kí i, dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọmọ tí a kọ́, kí o sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mo ṣe?" Bí o bá gbọ́ ọ, tí o sì rí i pé o ṣe é, bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn, má fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, sọ pé o kò ṣe é. Ìrẹ̀lẹ̀ kò ní kéèyàn pa irọ́ mọ́ ara rẹ̀.

Èkejì. Bí nǹkan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́ nígbà tí àkókò ṣì wà.

Lọ́jọ́ ìdájọ́ yẹn, a dúró níta kóòtù, mi ò rí iwájú, mi ò rí ẹ̀yìn. Bàbá Àlàó ní, "Ẹ jẹ́ ká gba kámú. Tàbí ká lọ bẹ adájọ́ nílé rẹ̀."

Lọ́yà wa gbé ohùn sókè, gbogbo èèyàn yíjú. "Bàbá! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni mọ́! Ẹ̀bẹ̀ yín ló rán an lẹ́wọ̀n!" Ó wá yíjú sí mi, ó ní ọ̀nà wà n'Ìbàdàn, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tí wọ́n fi sí i. Bí a bá jókòó sunkún kọjá rẹ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn.

Ó rẹ̀ mí. Ta ni mo mọ̀ n'Ìbàdàn? Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó fi takisí gbé wa wá ti dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú, ó ní, "Màdáámù, ẹ foríjì mí o. Ìdájọ́ tí wọ́n dá yìí, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Mo kọjú sí i bí ẹni tó fẹ́ jà. "Kò tẹ́ mi lọ́rùn!"

Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ wọlé nígbà náà. Kí la tún ń dúró ṣe?"

Ọkùnrin náà ni mo fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé o rí ayé?

O mọ bó ṣe ń gbé mi wá sí Iléṣà lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, tó ń kó búrẹ́dì wá fún ọ, tó ń sọ fún wọ́dà pé ìwọ ni àbúrò òun tó ń ṣòjòjò, kí wọ́n lè jẹ́ kó gbé e wọlé. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé kò jẹ́ kí n sunkún nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ẹ rọra o, tìmùtìmù ìjókòó yẹn ò tíì gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Màá sì rẹ́rìn-ín, inú á bí mi pé mo rẹ́rìn-ín, màá tún rẹ́rìn-ín. Bí o bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ọmọ mi, ìmọ̀ràn kẹta rèé, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ni: fẹ́ ẹni tó lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀rín. Ẹwà dára, ìwé dára, ṣùgbọ́n wá ẹlẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ sọ ti Ìbàdàn. O kò sí níbẹ̀, ojú mi ló rí i fún ọ. Lọ́yà ìjọba dìde, ó tún ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ mi sọ. Adájọ́ tó jókòó sí àárín, irun rẹ̀ funfun bí òwú, bi í pé, "Ní ilé tiyín, ṣé ẹ kì í bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó béèrè?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Nígbà tí ìdájọ́ dé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ní ẹni tí kò rí ojú lálẹ́ kò lè torí pé wọ́n kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀ kó wá ní òun rí i. Wọ́n wọ́gi lé ẹjọ́ náà, wọ́n ní kí wọ́n dá ọ sílẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe dé inú ọkọ̀. Nígbà tí a kúrò n'Ìbàdàn, Làsísì pa ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ẹ bọ́ síwájú. Ẹ má padà sẹ́yìn mọ́." Mo bọ́ síwájú. Nígbà tó wá ní ìgbéyàwó kóòtù la máa ṣe, kí òun máa bá mọ́ṣáláṣí òun lọ, kí n máa bá ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ, mo ní, "Kóòtù kẹ̀? Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́!" Ó ní, "Eléyìí, ìwọ fúnra rẹ lo máa jẹ́wọ́."

Mo kíyè sí ohun kan lọ́jọ́ tí o jáde. Òjò ká wa mọ́ iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Èmi àti Làsísì sá wọ ọkọ̀, ìwọ ń rọra rìn bí arúgbó, omi ń ṣàn lójú rẹ. Làsísì pariwo, "Káyọ̀dé, sáré!" O dáhùn jẹ́jẹ́: "Sísáré ló gbé mi débí, sà." Láti ọjọ́ náà, mi ò rí i kí o sáré mọ́, kódà nígbà tí ọkọ̀ Àkúrẹ́ fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀ ní Sátidé, tí mo ń wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ńṣe lo ń rìn. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi títí ìròyìn tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀. Ó tó. Sùúrù mi ti tán.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Àwọn èèyàn ṣì ń jẹun nínú àgbàlá. Mo gbójú sókè, Ìyá Alálùbọ́sà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ru agbọ̀n àlùbọ́sà. Àbúrò Làsísì ní, "Ta ló pe eléyìí?" Obìnrin náà sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ìyá Káyọ̀dé, ẹ foríjì mí."

O mọ èèyàn wa. Kò tíì sọ ọ́ tán tí gbogbo àgbàlá fi bẹ̀rẹ̀: "Ó ti tán! Ọjọ́ ayọ̀ ni! Ẹ dárí jì í!" Bàbá Àlàó ló ṣáájú wọn, ó ti ń wá òwe. Ọ̀rọ̀ "ó ti tán" ti dé orí ahọ́n èmi náà. Ni mo bá rántí àwo aláwọ̀ ewé. Mo rántí rẹ nínú òjò.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ìyá, ẹ dìde. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ṣe."

Bàbá Àlàó ní, "Àjọkẹ́, wọ́n mà ti bẹ̀ ọ́." Làsísì sì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Obìnrin náà dìde. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo ní kó sọ ọ́ kí ti ẹ̀yìn gbọ́. Ó wá gbóhùn sókè. Ó ní, "Mi ò rí ojú ẹni tó lù mí. Ilẹ̀ ti ṣú. Ojú tí mo rí ni ojú yín, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ wá kúnlẹ̀. Ojú yín ni mo gbé lé ọmọ yín lọ́rùn. Ọkàn mi ti ń sọ fún mi tipẹ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n wá. Ọmọ yín kọ́. Káyọ̀dé kọ́ ló jà mí lólè."

O mọ Ìyá Sikírù ìta wa, tó máa ń sọ̀rọ̀ "olè tí wọ́n ṣàánú" yẹn? Ṣíbí ìrẹsì mi wà lágbede méjì ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà o! Kò lè gbé e sẹ́nu, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá Àlàó ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó, kò rí òwe kankan pa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀ rèé. Má bínú sí i, ọmọ mi. Ìfẹ́ ló ń gbé e sáré, kò kàn mọ ibi tó ń sáré lọ ni. Kọ lẹ́tà sí i.

Ìgbà yẹn ni mo wá foríjì obìnrin náà. Mo dì mọ́ ọn. Mo rí i pé ìdáríjì dùn nígbà téèyàn bá mọ ohun tó ń dárí rẹ̀ jì. A fi àlùbọ́sà náà se ọbẹ̀ lánàá. Làsísì ní òun kò mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ló ń mú omi bọ́ lójú mi tàbí ayọ̀. Mo ní kó jẹun kó dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ Làsísì tó ń fi ọkọ̀ ná ọ̀nà Àkúrẹ́ ló máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Fún un lómi. Fi ọgbọ́n ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, má jẹ́ kí ayùn gé ọ lọ́wọ́, máa jẹun àárọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, wá sílé. Wọ ẹ̀wù búlúù bí o bá fẹ́. Gba Sábó kọjá lọ́sàn-án gangan, kí o kí gbogbo èèyàn, wọ́n á dá ọ lóhùn. Ilé ìyàwó tuntun ń retí rẹ.

Bí òjò bá sì ká ọ mọ́ ọ̀nà, Àkànní mi, sáré.

Èmi ni,
Màmá rẹ, Àjọkẹ́, ìyàwó Làsísì.